Kí Ẹ Tó Fìdí Kan Àga: Bí Òṣìṣẹ́ Àkúrẹ́ Ṣe Lè Máa Ṣe Eré Ìdárayá Lẹ́yìn Iṣẹ́

Aago 4 lù, ẹ ti pinnu lọ́kàn yín pé lónìí, ẹ máa rìn. Ẹ délé, ẹ ní kí ẹ kọ́kọ́ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Nẹ́pà ti mú iná wá, fáànù ń fẹ́, ọmọ gbé omi tútù dé, ẹ wá fa fóònù yọ. Nígbà tí ẹ óò fi gbójú sókè, ilẹ̀ ti ṣú. Ó di ọ̀la. Ọ̀la náà dé, bákan náà ló tún rí.

Àwọn èèyàn máa ń pe èyí ní ọ̀lẹ, èmi ò gbà. Ẹni tó jí ní aago 5 àárọ̀, tó wẹ ọmọ, tó wọ ọ̀kadà, tó sì fi ojú kojú pẹ̀lú ọ̀gá láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ibi tó gbé eré ìdárayá sí ni kò dáa: ó gbé e sí ẹ̀yìn àga. Ìdí tó bá ti kan àga ilé, ó parí. Nítorí náà, orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí dúró lé: ẹ ṣe é tán kí ẹ tó wọlé.

Báwo ló ṣe yẹ kó pọ̀ tó? Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ lọ́dún 2020 pé kí àgbàlagbà máa ṣe eré tó ń mú èémí yára díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, tàbí ìṣẹ́jú 75 sí 150 bó bá jẹ́ èyí tó le bí eré sísá, kó sì fi ọjọ́ méjì ó kéré tán ṣe èyí tó ń mú iṣan lágbára. Ẹ pín 150 sí ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún, ìṣẹ́jú 30 ni lójúmọ́. Ìlànà kan náà yìí ló fagi lé èrò àtijọ́ pé ohun tí kò bá tó ìṣẹ́jú 10 kò wúlò. Ìṣẹ́jú méje tí ẹ bá rìn, ó wà nínú ìṣirò.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

Bàtà ni àkọ́kọ́, òun náà sì ni ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Kánfáàsì òkìrìkà láti Ọjà Ọba kò burú rárá, ṣùgbọ́n ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó yọ owó. Ẹ di iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ mú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́: ibi ìka ẹsẹ̀ ló yẹ kó ti tẹ̀. Bó bá ká sí méjì láàrin, ẹ dá a padà. Ẹ gbé e lé orí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ gìgísẹ̀ bá ti jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìrìn ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ló ṣì wà nínú rẹ̀, orúnkún yín ló sì máa san gbèsè náà. Ẹ fi àtàǹpàkò ọwọ́ wọn àyè tó wà láàrin ìka ẹsẹ̀ tó gùn jù àti imú bàtà. Àyè àtàǹpàkò kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ rà á, nítorí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ bí ọjọ́ bá ti ń lọ. Ẹni tó ń tà á máa ní, "Mọ́mì, ó máa là fún yín tó bá yá." Ẹ má dá a lóhùn. Bàtà tó há lónìí yóò ti bó yín lẹ́sẹ̀ kó tó là.

Àwọn yòókù kò le:

- sọ́ọ̀sì méjì, kí ọ̀kan máa gbẹ lórí okùn bí ẹ bá wọ èkejì;
- tíṣáàtì àti ṣòkòtò tó rọ̀, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí awakọ̀ lè tètè rí;
- kọ́mú tó di àyà mú dáadáa, fún àwọn obìnrin;
- ike omi kan;
- tọ́ọ̀ṣì kékeré;
- báàgì tó ń kọ́ èjìká méjèèjì, kì í ṣe èyí tí a ń fi ọwọ́ gbá mú;
- ìwé kékeré kan pẹ̀lú bírò.

Ẹ kò nílò jíìmù. Ẹ kò nílò aago ọwọ́ tó ń ka ìṣísẹ̀. Bí ẹ bá ní wọn, ó dáa, ṣùgbọ́n ẹni tó ní òun ń dúró de owó oṣù kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, kò tíì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni.

Àwọn tó yẹ kó kọ́kọ́ rí dókítà

Bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí oògùn kò tíì kápá, bí àyà bá ń dùn yín tàbí tí òòyì ń kọ́ yín bí ẹ bá gun àtẹ̀gùn, bí ẹ bá ní àrùn ọkàn, bí ẹ bá lóyún tí wọ́n sì ti ní kí ẹ máa sinmi, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà tàbí abẹ́rẹ́ insulin gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìrìn máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Kó máa fi súìtì tàbí kúùbù ṣúgà sápò, bí ara bá sì ń gbọ̀n tàbí tí òógùn tútù bá bò ó, kó dúró kó jẹ ẹ́. Ẹni tó ní ásímà (asthma), kó mú oògùn tó ń fà sínú èémí (inhaler) lọ́wọ́.

Ìpele 1: Ẹ mọ ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ pé "bí iṣẹ́ bá ti parí." Èyí kì í ṣe àkókò. Ní Àkúrẹ́, oòrùn máa ń wọ̀ ní nǹkan bí aago 6 kọjá ìṣẹ́jú 20 nínú oṣù kọkànlá. Nínú oṣù keje, ó máa ń tó aago 7. Láàrin ìṣẹ́jú 20 sí 25 lẹ́yìn tó bá wọ̀, òkùnkùn ti dé. Ẹni tó ń jáde ní aago 4 ní Alágbàká, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba wà, ní àkókò tó pọ̀ ní gbogbo ọdún. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ báńkì tàbí tó ní ṣọ́ọ̀bù, tí kì í pa ìlẹ̀kùn dé kó tó di aago 6, kò ní ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lọ kí oòrùn tó wọ̀ ní oṣù kọkànlá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tan ara rẹ̀ pẹ̀lú ojú títì. Kó rìn ìṣẹ́jú 10 ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, kó sì ṣe ìyókù bó ṣe wà ní Ìpele 7.

Ẹ kọ aago kan sílẹ̀ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí ẹ máa ń ní ìpàdé tàbí ilé ìjọsìn ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fa ìlà sí i. Ọjọ́ mẹ́rin tó dájú sàn ju márùn-ún tó ń mì lọ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* bí ẹnì kan bá bi yín pé, "Aago mélòó lẹ máa rìn ní Wẹ́sídeè?" ṣé ẹ lè dáhùn láìronú? Bí ẹ bá ní "a máa rí i," ẹ padà síbi ìwé.

Ìpele 2: Ẹ di báàgì lálẹ́

Àárọ̀ kọ́. Ní àárọ̀, Nẹ́pà ti mú iná lọ, ọmọ kan ò rí bẹ́líìtì rẹ̀, ẹ̀yin náà ò rí sọ́ọ̀sì kejì. Ẹ di í lálẹ́ kí ẹ tó sùn, kí ẹ sì gbé e dí ẹnu ọ̀nà débi pé ẹ óò kọsẹ̀ lára rẹ̀ bí ẹ bá ń jáde. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń rìn padà wá gbé mọ́tò lọ́fíìsì, bí dúrọ́ọ̀ kan bá wà níbẹ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́, ẹ jẹ́ kí kánfáàsì máa sùn síbẹ̀ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Bàtà ló wúwo jù, òun náà la sì máa ń gbàgbé jù.

Ìpele 3: Oúnjẹ ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ tó kan àwa ará ìpínlẹ̀ Oǹdó gan-an rèé. Iyán aago 3 kò ní jẹ́ kí ẹ rìn ní aago 4 ààbọ̀. Oúnjẹ tó wúwo fẹ́ wákàtí méjì sí mẹ́ta kó tó rọlẹ̀ nínú ikùn. Bí ẹ bá máa jẹ iyán, ẹ jẹ ẹ́ kí aago 1 tó kọjá, kí òkèlè má sì pọ̀ jù. Bó bá ti ku nǹkan bí wákàtí kan kí ẹ jáde, ẹ jẹ ohun kékeré: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tàbí méjì pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà, tàbí ààbọ̀ bọ̀ọ̀lì. Ẹni tí kò jẹ nǹkan kan láti àárọ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń gbọ̀n lójú ọ̀nà, tó sì máa ń yà síbi tí wọ́n ti ń din puff-puff.

Ẹ máa mu omi láti àárọ̀, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá ń jáde kí ẹ tó da ike kan sọ́fun. Ìtọ̀ ló máa sọ fún yín: bó bá mọ́ tàbí tó pọ́n díẹ̀, ó dáa, bó bá pọ́n bí epo, omi kò tó. Ẹ fi àwọn ohun mímu inú agolo tí wọ́n ní ó ń fúnni lágbára yẹn (energy drink) sílẹ̀. Ṣúgà àti káfíìnì ló pọ̀ nínú wọn, ó ń mú àyà lù kìkì, kò sì ní jẹ́ kí ẹ tètè sùn lálẹ́.

Ìpele 4: Ẹ pààrọ̀ aṣọ kí ẹ tó kúrò lọ́fíìsì

Bí ẹ bá máa fo gbogbo ìpele yòókù, ẹ má fo èyí.

Bí ó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ jáde, ẹ gbé báàgì, ẹ wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí yàrá tó ṣófo, ẹ bọ́ bùbá tàbí sùúùtù, ẹ wọ kánfáàsì, ẹ so okùn rẹ̀ ní ìdè méjì. Ẹ ká aṣọ ọ́fíìsì sínú ọ̀rá kí ó má baà gba òógùn. Ẹsẹ̀ tó ti wà nínú kánfáàsì kì í fẹ́ gun ọ̀kadà mọ́. Ẹni tó bá sọ pé òun máa délé kí òun tó pààrọ̀ aṣọ, àga ló ń lọ bá.

Wàhálà tó kàn ni àwọn olóore. Ẹ kò tíì rìn dé géètì tí mọ́tò kan fi máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. "Ẹ wọlé jàre, Ìjàpọ̀ ni mò ń lọ." Bí ẹ bá kọ̀, wọ́n á rò pé inú ń bí yín. Bí ẹ bá wọlé, ìrìn ọjọ́ náà ti lọ. Ọ̀gá yín ló tún le jù, torí ẹnu kì í gbà á láti kọ̀ fún ọ̀gá. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ tẹ̀ ba díẹ̀, ẹ ní, "Ẹ ṣé sà, ẹ̀yin náà kú iṣẹ́. Dókítà ló ní kí n máa na ẹsẹ̀ mi." Kò sẹ́ni tí ń bá dókítà jà. Bí ẹ kò bá fẹ́ dárúkọ dókítà, ẹ ní ẹ fẹ́ yà sọ́dọ̀ ẹnì kan lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á ti mọ̀ yín mọ́ ìrìn, fèrè mọ́tò ni wọ́n á kàn máa fi kí yín.

Àwọn ará àdúgbò ní tiwọn. "Ẹ kú ìrìn o! Ṣé kò sí? Àbí mọ́tò bàjẹ́ ni?" Ẹ dáhùn pé kò sí, kí ẹ má dúró. Bí ẹ bá dúró ṣàlàyé fún ẹnì kan, ẹ máa ṣàlàyé fún gbogbo ọjà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní mọ́tò ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó wà níbi tí ẹ gbé e sí lọ́fíìsì. Ẹ rìn ìṣẹ́jú 15 lọ, ìṣẹ́jú 15 bọ̀, ẹ padà wá gbé e. Ó tún ní èrè mìíràn: nígbà tí ẹ máa fi dé, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ìrọ̀lẹ́ lè ti dínkù.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ti jáde ní géètì ọ́fíìsì pẹ̀lú kánfáàsì lẹ́sẹ̀. Ìyẹn tó. Bí òjò bá lé yín padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìpele yìí ti yanjú fún ọjọ́ náà.

Ìpele 5: Ìrìn náà gan-an

*Yíyan ọ̀nà.* Ẹni tó ń ti Alágbàká lọ Ìjàpọ̀ lè fi ẹsẹ̀ rìn ín délé láìwọ nǹkan kan. Ẹni tó ń gbé Ọ̀bà-Ilé tàbí tó ń lọ apá Òdá kò gbọ́dọ̀ fipá rìn gbogbo rẹ̀. Kó wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá, kó sì sọ fún awakọ̀ kí wọ́n tó gbéra ibi tó ti fẹ́ bọ́ sílẹ̀, ibi tí ìrìn ìṣẹ́jú 20 sí 30 bá ṣẹ́kù délé. Ẹ má dúró kí kẹ̀kẹ́ tó dé ibẹ̀ kí ẹ tó ronú bóyá kí ẹ bọ́ọ́lẹ̀. Ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà, àga ni. Àwọn tó wà ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, ti rí ọ̀nà: títì inú ọgbà dáa fún ìrìn ju ti ìta lọ. Ẹni tí Òkè-Àró bá wà lójú ọ̀nà rẹ̀, orúkọ àdúgbò náà ti sọ ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa bá pàdé. Níbi òkè, ẹ gé ìṣísẹ̀ kúrú, ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀ láti ọrùn ẹsẹ̀, ẹ má tẹ ìdí sẹ́yìn.

Ẹ yẹra fún àárín Ọjà Ọba ní ìrọ̀lẹ́. Èrò pọ̀, ẹ kò ní lè yára, ẹ máa ra ohun tí ẹ kò ní lọ́kàn, báàgì yín á sì kún.

*Bíbẹ̀rẹ̀.* Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, ẹ rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ yára. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó yá tó? Ẹ wo aago fún ìṣẹ́jú-àáyá 15, kí ẹ ka ìṣísẹ̀ yín. Bó bá tó 25, ìṣísẹ̀ 100 ni láàrin ìṣẹ́jú kan, ibẹ̀ ni ara ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èrè. Bí ẹ kò bá fẹ́ ka nǹkan kan, ẹ fi ẹnu yín dán an wò: ẹ gbọ́dọ̀ lè bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọ́dọ̀ lè kọrin. Bí ẹ bá lè kọrin já, ẹ ń ṣeré. Bí ẹ kò bá lè sọ odindi gbólóhùn kan láìmí fúkẹ́fúkẹ́, ẹ rọ ẹsẹ̀.

*Ààbò.* Apá ọ̀tún ni mọ́tò ń gbà lọ́dọ̀ wa, nítorí náà apá òsì ni kí ẹ máa rìn, kí ẹ máa rí ohun tó ń bọ̀ lójú. Ìyẹn ni òfin. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà Àkúrẹ́ kò ka òfin sí. Wọ́n á gba wan-wéè wá láti ẹ̀yìn yín. Ẹ máa bojú wẹ̀yìn, ẹ má sì fi earpiece di etí méjèèjì. Ẹ ṣọ́ ojú gọ́tà tí wọ́n fi pákó bò, pàápàá lẹ́yìn òjò. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ fò ó tàbí kí ẹ yí i ká. Fóònù, inú àpò. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe kí ẹ lè ríran nìkan, kí awakọ̀ lè rí yín ni. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ wá ẹnì kan tí ẹ jọ ń lọ apá kan náà. Àwọn ọmọkùnrin tó ń jókòó sí ẹnu ṣọ́ọ̀bù kì í sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí èèyàn méjì tó ń sáré rìn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ sí ẹnì kan.

*Fífi kún un.* Ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì, ìṣẹ́jú 15. Ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin, 20. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún àti ìkẹfà, 25 sí 30. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jáwọ́ rèé: ọjọ́ kìíní ni wọ́n ń rìn wákàtí kan ààbọ̀, ní ọjọ́ kejì wọn kò lè sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á sì ní ìrìn kò bá ara àwọn mu. Ẹ dúró níbi 15 kódà bí ara bá ń sọ pé ẹ lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

*Ìgbà tí ẹ gbọ́dọ̀ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀:* bí àyà bá fún tàbí tó ń dùn, pàápàá tó bá ń rìn lọ sí apá tàbí àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Bí òòyì bá ń kọ́ yín. Bí èémí kò bá padà sípò lẹ́yìn tí ẹ ti dúró. Ẹ pe ẹnì kan, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ní kí ẹ kọ́kọ́ délé.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* òógùn ti yọ díẹ̀ níwájú orí àti ẹ̀yìn, ara ti móoru, ẹ ṣì lè sọ̀rọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, itan àti ojúgun lè wúwo díẹ̀, orúnkún kò gbọ́dọ̀ wú.

Ìpele 6: Iṣan, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀

Ìrìn nìkan kò tó. Bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ, iṣan máa ń dínkù, ẹni tí iṣan itan rẹ̀ bá ti yọ́ ni ẹ máa ń rí tó ń fi ọwọ́ ti àga kó tó lè dìde. Ẹ yan ọjọ́ méjì tí kò tẹ̀ léra, bí Túsìdeè àti Tọ́sìdeè. Bí ẹ bá ti dé ẹnu ọ̀nà ilé, kí ẹ tó bọ́ bàtà, ẹ ṣe mẹ́rin yìí ní báránńdà:

1. Ẹ fà àga onígi kan síta. Ẹ jókòó, ẹ dìde, láìfọwọ́ ti nǹkan kan, ìgbà 10. Àga yìí nìkan ni mo fọwọ́ sí ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ń já lu àga kò ṣe nǹkan kan.
2. Ẹ kọjú sí ògiri, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ẹ sún ẹsẹ̀ sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan. Ẹ tẹ ìgbọ̀nwọ́ títí imú fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri, ẹ ti ara yín padà. Ìgbà 10.
3. Ẹ di ògiri mú, ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè, ẹ dúró lórí ìka ẹsẹ̀, ẹ rọra sọ̀kalẹ̀. Ìgbà 15.
4. Ẹ pọn omi sínú kẹ́ẹ̀gì méjì tó dọ́gba, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì. Ẹ rìn lọ rìn bọ̀ nínú ọgbà, ẹ̀yìn nínà gbọnrangandan. Ilé tí a ti ń pọnmi kò ní wá iṣẹ́ fún un.

Ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ má di èémí mú. Ẹ mí síta nígbà tí ẹ bá ń ti nǹkan tàbí tí ẹ bá ń dìde. Dídi èémí mú máa ń mú ẹ̀jẹ̀ ru lójijì, ewu sì ni fún ẹni tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ìgbà tó kẹ́yìn nínú 10 náà gbọ́dọ̀ ṣòro díẹ̀. Bí kò bá ṣòro mọ́, ẹ sọ ọ́ di 12, lẹ́yìn náà 15.

Ìpele 7: Ọjọ́ òjò, àti ẹ̀yin ìyá tí ọmọ ń dúró dè nílé

Láti oṣù kẹrin títí dé ìkẹwàá, òjò Àkúrẹ́ fẹ́ràn ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá ti ń gbọ́ ààrá, ẹ má jáde, ẹ má sì sá sábẹ́ igi. Bí òjò bá ká yín mọ́ ọ́fíìsì tí ilé náà sì ní òkè, ẹ gun àtẹ̀gùn lọ sókè sódò fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ fọwọ́ kan irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, nítorí sísọ̀kalẹ̀ ló ń bá orúnkún jà ju gígùn lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́dọ̀ gba ọmọ ní lẹ́sìn, tí ọbẹ̀ sì ń dúró dè yín, mi ò ní sọ fún yín pé kí ẹ wá ìṣẹ́jú 30 níbi tí kò sí. Ẹ dúró sí ojúde pẹ̀lú àwọn ọmọ yẹn, ẹ má tíì wọlé. Ẹ bá ọmọbìnrin yín ta tẹ́ń-tẹ́ń. Ẹni tó bá rò pé eré ọmọdé ni, kó pàtẹ́wọ́, kó fò, kó na ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ tún lè fo okùn, ẹ lè fi ṣọ́ọ̀kì ya sùwé sílẹ̀. Ìṣẹ́jú 10 pẹ̀lú ìsinmi díẹ̀díẹ̀, lórí ilẹ̀ iyẹ̀pẹ̀ bó bá wà, nítorí fífò lórí sìmẹ́ńtì ń dun ọrùn ẹsẹ̀. Ẹni tó sanra púpọ̀ tàbí tí orúnkún ń dùn, kó pàtẹ́wọ́ kó sì máa gbẹ́sẹ̀ láìfò. Àwọn ọmọ ló máa pè yín lọ́jọ́ kejì, wọn kì í gbàgbé.

Ní àsìkò ọyẹ́, eruku ni ìṣòro. Ọjọ́ tí ẹ kò bá rí òkè tó wà lọ́ọ̀ọ́kán mọ́ nítorí eruku, ẹ ṣe é nínú ilé.

Ìpele 8: Wíwọlé

Ìṣẹ́jú márùn-ún tó kẹ́yìn, ẹ fi ìrìn pẹ̀lẹ́ wọ àdúgbò. Ẹ mu omi, ẹ wẹ̀, ẹ jẹun. Àlùbáríkà ìrìn ń lọ bí ẹ bá sọ pé "mo ti rìn lónìí" tí ẹ wá fi òkèlè méjì kún iyán. Ẹ jẹ iye tí ẹ ń jẹ tẹ́lẹ̀, ẹ̀fọ́ lè pọ̀ sí i. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe eré tó le, ẹ parí rẹ̀ ní wákàtí kan ó kéré tán kí ẹ tó lọ sùn. Ìrìn wẹ́rẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ kò ní yín lára, ó tilẹ̀ ń ran ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti wálẹ̀.

Ara ríro máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó lè dé ọjọ́ kẹta. Bó bá jẹ́ inú ẹran ara ló ti ń ro yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ẹ rìn pẹ̀lẹ́, ó máa lọ. Bó bá jẹ́ oríkèé kan ṣoṣo ló ń ta yín ṣókí, tàbí tó wú, ẹ dáwọ́ dúró títí yóò fi lọ. Ẹ má fi róòbù pa á kí ẹ sì máa rìn lọ.

Ìpele 9: Ìwé kékeré àti òkè Ìdànrè

Lálẹ́, ẹ kọ ohun mẹ́ta péré: ọjọ́, iye ìṣẹ́jú, bí ara ṣe rí. Ní ọjọ́ Sátidé, ẹ ro ìṣẹ́jú náà pọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ló yẹ kí ẹ máa súnmọ́ 150. Bí ó bá jẹ́ 110, kò burú, ẹ wo ọjọ́ tó ń jẹ yín níyà. Ọjọ́ Ẹtì ló sábà máa ń jẹ́, nítorí òde àti ayẹyẹ.

Bó bá tó oṣù méjì, ẹ gba Ìdànrè lọ ní àárọ̀ Sátidé kan. Kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Àtẹ̀gùn orí òkè náà lé ní 600, àwọn ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà. Ẹ gùn ún, ẹ kọ ibi tí ẹ ti sinmi sílẹ̀ àti bó ṣe pẹ́ tó kí èémí tó padà. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹ tún padà lọ, ẹ fi méjèèjì wé ara wọn. Ìwọ̀n yìí dá mi lójú ju òṣùwọ̀n ìwúwo lọ, nítorí òṣùwọ̀n lè má yí padà nígbà tí ọkàn àti ẹsẹ̀ ti ń lágbára sí i. Ẹni tí dókítà ti ní kó má gun òkè, kó lo àtẹ̀gùn ọ́fíìsì.

Bí ẹ bá pa á jẹ

Ọjọ́ kan tó lọ, ẹ má san án. Ẹ má rìn wákàtí kan lọ́la nítorí ẹ kò rìn lónìí. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, ẹ padà síbi tí ẹ wà. Bó bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, bí ẹni tí ibà mú tàbí tó rin ìrìn-àjò, ẹ padà sí ìṣẹ́jú 15 fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ẹ lọ sí 20. Bí ó bá sì jẹ́ pé Ìpele 4 ni ẹ máa ń kọsẹ̀ sí ní gbogbo ìgbà, ẹ gbé bàtà ọ́fíìsì sílẹ̀ níbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé, kí ó jẹ́ kánfáàsì nìkan ni ẹ óò rí wọ bọ̀ wálé.